Ọwọ́ Tí Ó Gba Ìwé Àdéhùn Epo

Àwa tí a bí sí Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, tí a sì ti kékeré mọ ọ̀nà tí ó gba Ìgólò kọjá lọ sí Ìdírókò bí ẹní mowó, kò sí ẹni tí ó tún lè máa kọ́ wa pé epo ni ayé òde òní ń jẹ. Ojú wa ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù títí tí a kò fi ní í rí ẹni tí ó gùn ún mọ́. Ojú wa ni ìgò epo fàyàwọ́ tí a ń pè ní kpayo ṣe tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá títì láti Ìgólò dé Àjàṣẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdírókò padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, kò sí ilé kan ní agbègbè wa tí ọ̀rọ̀ náà kò kan ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò pẹ́ rárá tí iye epo inú ìgò fi gun òkè àjà. Síbẹ̀, epo mìíràn ń bẹ tí ojú ará ọjà kì í rí, tí a kì í ta nínú ìgò, tí ó jẹ́ pé inú ọkọ̀ tánkà gìrìwò ni ó ń gbà rìn tàbí inú ọ̀pá lábẹ́ òkun, òun náà sì ni ó ń di iná nínú gílóòbù orí wa. Ìwé àdéhùn tí ń mú epo yìí dé ilé-iṣẹ́ amúnáwá ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣọ́, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ ọjọ́ tí ó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ náà kì í ní ariwo. A kì í pe akọ̀ròyìn sí i bí ìgbà tí ààrẹ bá wá ṣí ilé-iṣẹ́ titun, a kì í sì í lu ìlù. Ìwé kan ni yóò wá láti olú ilé-iṣẹ́ pé láti ọjọ́ báyìí-báyìí lọ, lágbájá ni yóò máa bójú tó àdéhùn ìpèsè epo dípò làkásègbè. Wọn yóò gbé fáìlì lé e lọ́wọ́, yóò fi ọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á, ẹni tí ń lọ yóò kó ẹrù rẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì gbà pé ó parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí ó wà nínú fáìlì kò tó ìdajì ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ titun gbà. Ìyókù ń bẹ nínú orí ẹni tí ń lọ, ó ń bẹ ní ìsàlẹ̀ tánkì, ó sì ń bẹ nínú ọkàn oníṣòwò tí ń gbé epo wá, bí a kò bá sì jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní ojúkojú, ìlú ni yóò san owó rẹ̀, yálà nínú òkùnkùn tàbí nínú ìwé owó iná.

Ó yẹ kí ọmọ òde òní mọ̀ pé omi ni àwọn baba wa kọ́kọ́ gbójú lé, kì í ṣe epo. Ní ọdún 1968 ni ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀, tí ó ṣì ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, àti ilẹ̀ Tógò jùmọ̀ dá ilé-iṣẹ́ iná CEB sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì má baà máa wá iná kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni iná ìdídò Akosombo gba orí wáyà láti Gánà dé ọ̀dọ̀ wa, ní 1987 sì ni ìdídò Nangbéto lórí odò Mono bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá kún, àwọn ẹ̀rọ tí ń mu epo a máa jókòó sí ẹ̀yìn ilé bí àgbà tí a kì í pè àfi bí ọ̀ràn bá le, ẹni tí ń ṣọ́ ilé ìpamọ́ irinṣẹ́ ni ó sì ń fi ọwọ́ kejì ṣọ́ epo wọn. Láti 1974 tí ìjọba ti dá SONACOP sílẹ̀, ìjọba kan náà ni ó ni ilé tí ń ta epo àti ilé tí ń rà á. Bí gbèsè bá wọ àárín wọn, ọ̀rọ̀ ilé ni, a ó pa ilẹ̀kùn dé, a ó sì yanjú rẹ̀.

Ọ̀dá ni ó tú àṣírí wa. Nígbà tí omi Akosombo fà ní 1998, tí Gánà dín iná tí ń bọ̀ wá kù, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2006 sí 2007, àwọn ará Kútọnu àti Àjàṣẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní pípín iná dájú: òní adúgbò yìí, ọ̀la adúgbò yẹn, ẹlẹ́ja dídì ń sọkún, aláṣọ rírán ń káwọ́ lérí. Ní 2007 kan náà ni wáyà ńlá 330 kìlófólítì láti Ìkẹjà dé Ṣakẹ́tẹ́, aládùúgbò wa nihin-in, tí iná Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gba apá ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Iná tí a ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni tí ó ni ín ni yóò kọ́kọ́ tan tirẹ̀. Ìgbà náà ni a sáré padà sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ ẹlépo, tí a sì yá àwọn mìíràn kún wọn. SONACOP fúnra rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ aládàáni láti 1999, nítorí náà olùtà àti olùrà kì í ṣe ọmọ baba kan mọ́. Omi titun ti rú, ẹja titun sì ti wọ̀ ọ́: ìwé àdéhùn epo, tí ó ti jẹ́ bébà lásán láàárín mọ̀lẹ́bí, wá di ohun tí a ń fi agbẹjọ́rò kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí bébà náà fi wúwo. Ẹ̀rọ tí ń mu epo kíki tàbí gásóìlì a máa jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin líìtà kan kí ó tó mú ìwọ̀n iná kan ṣoṣo jáde, ìyẹn ìwọ̀n tí mítà ilé wa ń kà. Ó kéré létí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ tó 100 mẹ́gáwáàtì, bí ó bá fi epo ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan dé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìsinmi, nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù ni yóò gbé mì, ìyẹn ẹrù tánkà tí ó tó mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Iná Ṣàngó Olúkòso tí òyìnbó rí dè mọ́ wáyà, irin Ògún Lákáayé ni ó ń bí i, epo sì ni oúnjẹ irin. Ẹni tí ìwé oúnjẹ yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó mọ̀ bóyá ìlú yóò ríran lálẹ́ ọ̀la.

Nínú ìwé náà, ẹni méjì ni ó fọwọ́ sí i: ẹni tí ń ta àti ẹni tí ń rà. Ìlú ni ẹni kẹta, ìlú kò sì fọwọ́ sí ohunkóhun. Aláboyún tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, ọmọ iléèwé tí ń múra ìdánwò, ajórin-mọ́rin ní Pọbẹ̀, a kò pè wọ́n sí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi, n kò lè gbà mọ́ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá gba ìwé epo sọ́wọ́ ti gba ìlérí kan tí ẹlòmíràn ti bá ìlú ṣe kí òun tó dé, kò sì lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe é.

Mo rántí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó gba irú iṣẹ́ yìí ní àkókò tí ẹ̀rọ àyálò pọ̀. Ọmọlúàbí ni, ó kàwé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Nínú ìwé àdéhùn tí ó bá nílẹ̀, a kọ ọ́ kedere pé epo tí a ó san owó rẹ̀ ni iye tí yóò jẹ́ bí ooru ara rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 15 ti Celsius, nítorí pé epo a máa wú nínú ooru, a sì máa sún kì nínú òtútù: ẹrù tánkà kan tí ó jẹ́ 33,000 líìtà nígbà tí oòrùn ilẹ̀ wa ti sọ ooru rẹ̀ di 35, bí a bá ṣírò rẹ̀ padà sí 15, yóò fi ohun tí ó lé ní 500 líìtà dín. Ọ̀gbẹ́ni yìí tú ìwé owó àtẹ̀yìnwá wò, ó rí i pé ẹni tí ó ṣáájú òun kò fi ìgbà kan yọ iye yìí rí; bí tánkà bá ti kó o wá ni ó ń san án. Ó fura sí olè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, ó sì tọ̀nà ní ti ìwé. Láìpẹ́ ọjọ́, tánkà kò wá mọ́. Oníṣòwò epo kò jà, kò kọ lẹ́tà èébú. Ó kàn ní kí wọ́n san gbogbo owó epo tí ó ti pé oṣù kan nílẹ̀ kí ọkọ̀ òun tó tún gbéra. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti hàn síta: ẹni àtijọ́ àti oníṣòwò ti bá ara wọn sọ ọ́ ní ẹnu lásán, ní ọdún kan tí owó wọ́n ilé-iṣẹ́ náà, pé bí a kò bá yọ ti ooru, oníṣòwò yóò fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí ó tó béèrè owó dípò oṣù kan tí ó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú fáìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé ìpàdé kankan. Ìlú wà nínú òkùnkùn kí àwọn àgbà tó dá sí i.

N kò gbe ẹni àtijọ́ lẹ́yìn. Ó ti ná owó ìlú láti fi ra àyè, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni; àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, ó kàn jẹ́ pé ní irú iṣẹ́ tiwa, orí ẹni tí ó tẹ̀ lé e ni igbá náà máa ń já lé. N kò sì dá ọ̀gbẹ́ni titun lẹ́bi pé ó jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ìwé àdéhùn, ẹnikẹ́ni lè gbé e wọ̀ ní ọjọ́ kan. Àkísà ni gbogbo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí ó kọ ọ́, gbogbo ọdún tí owó kò sí, gbogbo òru tí oníṣòwò fi tánkà ránṣẹ́ láìrí kọ́bọ̀, gbogbo ìgbà tí omi bá epo wá tí a sì dárí jì í. Kí ọ̀gbẹ́ni náà tó fura sí olè, ó yẹ kí ẹnì kan ti mú un jókòó, kí ó fi àkísà hàn án, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá pinnu èyí tí yóò sọ nù.

Ó tún yẹ kí ó ti gun tánkì. Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí rò pé kíka nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti tó. Wọn kò tíì dúró lórí òrùlé tánkì ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí irin ṣì tutù, kí wọ́n ṣí ojú rẹ̀, kí wọ́n sọ okùn irin ìwọ̀n tí idẹ wúwo wà lẹ́nu rẹ̀ sínú rẹ̀ títí idẹ náà yóò fi kan ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ yóò sì mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n fa á sókè, kí wọ́n wo ibi tí epo lẹ̀ mọ́ ọn dé, kí wọ́n tún wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí a fi ìpara omi kùn, bóyá ìpara náà ti pa àwọ̀ dà, nítorí omi ni ó ń sùn sí abẹ́ epo, owó epo ni a sì san lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí epo ṣe gbiná ní Sèmè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n sì bá a lọ, yóò mọ̀ pé a kì í gun ibẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ tàbí ìkánjú lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn kí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n gba iye tí a bá kọ fún wọn.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìgbaṣẹ́lọ́wọ́ tí mo rí ni ti arábìnrin kan tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá kan tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìwé ti sọ pé kí bàbá náà máa lọ sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, ó ní òun kò lè fi ọmọ sílẹ̀ sáàárín ọjà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ó mú un lọ sí ibi tí àwọn tánkà ti ń gbẹ́rù, ó pe àwọn awakọ̀ fún un ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ fún un, ní ojú wọn, ẹni tí èdìdì ọkọ̀ rẹ̀ kì í já àti ẹni tí ó yẹ kí ó máa yẹ èdìdì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú un dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìṣirò owó ti oníṣòwò, ó ní, “Èyí ni ọmọ mi, ohun tí ẹ bá ní sí mi, ẹ sọ ọ́ báyìí kí ó gbọ́.” Ní ìgbẹ̀yìn, ó mú un gun tánkì kẹta, ó sì fi hàn án pé ilẹ̀ abẹ́ tánkì náà ti rì díẹ̀ ní apá kan láti ọdún tí òjò pọ̀, pé bí a bá wọ̀n ọ́n ní ojú ihò àríwá, iye tí yóò fi hàn yóò ju èyí tí ó wà níbẹ̀ lọ. Kò sí ìwé kan ní gbogbo ilé-iṣẹ́ náà tí a kọ èyí sí. Arábìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ pé títí di òní, ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ náà ni a ń ka ohun tí arábìnrin náà kọ sí létí.

Bàbá yìí kò kọ́ ọgbọ́n náà ní iléèwé, ọjà ilẹ̀ wa ni ó ti rí i. Nihin-in ní Ìfọ̀nyìn, ìyálé elépo pupa tí ọjọ́ ogbó bá dé bá, tí ó fẹ́ fi ìsọ̀ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, kì í kàn gbé agolo àti àgbá fún un. Yóò mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fún un ní epo láwìn, yóò ka gbèsè rẹ̀ ní ojú wọn, yóò sì ka gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní ojú àwọn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ìyá ni òun bá dá owó, kì í ṣe ọmọ. A ti ń ṣe èyí pẹ́ kí CEB tó wà. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí a kò jẹ́ fi jáfara lórí àgbá epo pupa kan, a ń jáfara lórí rẹ̀ níbi tí a ti ń jó 500 tọ́ọ̀nù lóòjọ́.

Ti gáàsì tún le ju ti epo lọ, nítorí pé gáàsì kò ní tánkì tí a lè gùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2003 ni Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pá tí ó gùn tó 678 kìlómítà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìtókí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó gba Badagry wọ inú òkun, tí ó sì ń yà sí Kútọnu, Lomé àti Tema kí ó tó dé Takoradi. Ẹni tí ó bá ri irin tí ó pọ̀ tó báyẹn mọ́ inú omi kò lè fi owó rẹ̀ ṣeré. Nítorí náà, nínú irú àdéhùn gáàsì báwọ̀nyí, a sábà máa ń kọ ọ́ pé iye kan wà tí olùrà gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ìbáà gbà á, ìbáà má gbà á. Mo ti rí ẹni tí ó gba ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá, tí ó ń yọ̀ pé òjò pọ̀, ìdídò kún, ẹ̀rọ kò sì nílò gáàsì púpọ̀, tí kò mọ̀ pé gbogbo gáàsì tí ilé-iṣẹ́ náà kò gbà láti oṣù kìíní ń kóra jọ dè é ní oṣù kejìlá. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un mọ̀. Ó wà nínú ìwé pẹ̀lú, ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà lọ́jọ́ tí ó bá ń sáré fọwọ́ sí nǹkan.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun kan tí àwọn olè ojú omi ń gbógun tì ní etíkun Lomé fa ọ̀pá náà ya, gáàsì sì dá fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ inú 2013. Irú nǹkan báyìí ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ohun tí ó kọjá agbára ẹ̀dá, àdéhùn a sì máa pèsè sílẹ̀ dè é: kí ẹni tí ọ̀ràn dé bá kọ̀wé sí ẹnì kejì láàárín ọjọ́ tí a dá, kí ẹnì kejì náà sì dáhùn láàárín ọjọ́ tí a dá. Iye ọjọ́ náà kì í pọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ, lórí ọ̀ràn tí kò tó ti ọ̀pá òkun yẹn rárá, pé lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá, ó sì bá orúkọ ẹni tí ó ti lọ, nítorí pé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ènìyàn, kò sí ẹni tí ó rántí sọ fún olùtà pé a ti pààrọ̀ ènìyàn. Wọ́n mú lẹ́tà náà tẹ̀ lé ẹni tí ó ti lọ náà dé ìlú mìíràn tí wọ́n gbé e lọ, ó dúró sórí tábìlì rẹ̀, ọjọ́ sì kọjá. Ìgbà tí ẹni titun yóò fi rí i, ẹ̀tọ́ àtijiyàn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Owó tí ó bá a lọ kò ṣeé fẹnu sọ, bẹ́ẹ̀ ìlà méjì ni ìwé tí ìbá gbà wọ́n là.

Ṣé mo wá ń sọ pé ayé àtijọ́ sàn ju ti ìsinsìnyí lọ? Rárá o. Mo ti rí ìgbà tí ọkùnrin kan ṣoṣo ń fi kọ́kọ́rọ́ epo sí àpò sòkòtò, tí òun ń wọ̀n, tí òun ń kọ, tí òun náà ń fọwọ́ sí owó. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ẹnìkan tí ó bá sì ń jẹ́ àwá dé lórí epo, ìlú ni ó ń jí lọ, bí kò tilẹ̀ mú líìtà kan lọ sílé. Lónìí a ti ní àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, a ní mítà lórí ọ̀pá, a ní kọ̀ǹpútà tí kì í gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Maria-Gléta kejì, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 127 mẹ́gáwáàtì, lè jẹ gáàsì, ó sì lè jẹ epo kíki. Ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n tí a kọ́ nínú ìyà, nítorí pé àwọn tọ́báìnì tí a ti kó dé Maria-Gléta ṣáájú rẹ̀ ti jókòó pẹ́ láìrí gáàsì jẹ. A ti ya ẹni tí ń mú iná jáde sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń pín in, SBPE lọ́tọ̀, SBEE lọ́tọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí dára.

Ṣùgbọ́n bí ilé ti ń pọ̀ sí i ni ìwé ń ṣí kiri sí i. Àdéhùn tí ó máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, ní ìsinsìnyí ó lè kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ olùtà rí, kí ọdún kan tó yípo. Ìdúró tí báńkì ṣe fún olùtà wà ní orúkọ ilé àtijọ́, nọ́ńbà tí a ń pè lóru bí tánkà bá pẹ́ wà nínú fóònù ẹni tí ó ti lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìwé tí a ń san owó ńlá fún láti òkè òkun kí wọ́n lè to ìgbaṣẹ́lọ́wọ́ yìí fún wa a máa kọ ìwé tí ó nípọn, tí ó sì lẹ́wà. N kò tíì rí èyí tí ó kọ irú ọ̀rọ̀ bí ti ilẹ̀ abẹ́ tánkì kẹta tí ó rì sínú rẹ̀. Wọn kò lè mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bàbá tí ó mọ irú rẹ̀ ti gba owó ìfẹ̀yìntì, ó wà ní abúlé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀.

Gbèsè sì ni ó ń ba àwọn ìgbaṣẹ́lọ́wọ́ wọ̀nyí jẹ́ jù. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ N-Gas tí ń ta gáàsì ọ̀pá yẹn halẹ̀ mọ́ Gánà pé òun yóò dín gáàsì rẹ̀ kù gidigidi nítorí owó tí wọ́n jẹ òun, Gánà sì ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo wa. Bí wọ́n bá lè wí bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà ńlá, kí ni kékeré yóò sọ? Ẹni titun tí ó bá gba ìwé láìmọ iye gbèsè tí ó wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kìíní tí yóò gbọ́ lẹ́nu olùtà ni ọ̀rọ̀ gbèsè, bí kò bá sì ní èsì, ìgbọ́kànlé ti tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí olùtà tí ó fi epo ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó gbà gbọ́, tí ó sì fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e ní ìwé lásán, bẹ́ẹ̀ àdéhùn kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀yin ará ministri, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń bójú tó epo lọ ní ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ bá dé. Ẹ jẹ́ kí òun àti ẹni titun jọ rí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan pọ̀, nítorí epo kì í hùwà bákan náà ní àkókò méjèèjì. Owó oṣù tí ẹ ó san fún un kò tó owó ẹrù tánkà kan. Ẹ kọ̀wé sí olùtà ní ọjọ́ náà gan-an pé ọwọ́ ti yí padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí a ó sì pè láti wá gba ìwé yìí, ọmọ Ìfọ̀nyìn ni yín tàbí ọmọ ibòmíràn, bí wọ́n bá gbé fáìlì síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí tánkì wà. Ẹ gùn ún, kí ẹni tí ń lọ tẹ̀ lé yín, kí aṣojú olùtà náà gòkè wá, kí ẹ jọ wọ̀n epo àti omi tí ẹ bá bá níbẹ̀, kí ẹ kọ gbèsè sí ìsàlẹ̀ ìwé kan náà, kí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.